Bracket ẹsẹ̀ òsì dúró lónìí!

Ẹ bá mi yọ̀. Bracket ni yíyí kan tí a ń fi ẹsẹ̀ kan ṣe nínú eré yíyọ̀ lórí yìnyín. Kò sí ọwọ́ lára ògiri rárá. Fún ẹ̀yin àgbà tó ń kọ́ ọ lọ́wọ́, ibi tó ti máa ń dojú rú rèé.

Abẹ bàtà yìnyín ní etí méjì, kòtò tóóró ló wà láàárín wọn. Ẹ fi etí òde ẹsẹ̀ òsì yọ̀ síwájú, ọ̀nà yín á máa tẹ̀ sí òsì. Three-turn, yíyí mìíràn tí a ń fi ẹsẹ̀ kan ṣe, ń yí sí òsì náà, ìyẹn sì rọrùn. Ọ̀tún ni bracket ń yí sí, lòdì sí ọ̀nà tó tẹ̀, kó tó bọ́ sórí etí inú, tí ẹ ó wá máa yọ̀ sẹ́yìn. Abájọ tí ara fi ń kọ̀ ọ́!

Èjìká ni kó kọ́kọ́ yí sí ọ̀tún: ọwọ́ òsì níwájú, ọ̀tún lẹ́yìn. Ẹ tẹ orúnkún, ẹ dìde díẹ̀, kí ìbàdí yí kíá, kí ẹ tún orúnkún tẹ̀. Èjìká ò gbọdọ̀ bá ìbàdí yí mọ́.

Iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí ẹ gbé ara lé. Bó bá kọjá ibẹ̀, eyín iwájú abẹ á há sínú yìnyín, ẹ ó sì dojú bolẹ̀. Bó bá kù sí gìgísẹ̀, abẹ ò ní yí.

Ẹ wá wo ilẹ̀. Àmì } tó mú ṣóńṣó, tó yọrí síta òbìrípo, ló dáa. Bó bá fẹ̀ bí ibi tí wọ́n ti ha iṣu, abẹ ló yọ̀ ṣẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ṣì ń ṣagídí o.