Ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo fi ka igún ní gúúsù Kwara

"Ṣé odindi lẹ fẹ́ ni, àbí orí nìkan?"

Ọmọkùnrin tó bi mí léèrè kò tíì lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Alẹ́ ọjọ́ kejì tí a dé Òmù-Àrán ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé tí a wọ̀ sí, ó na fóònù rẹ̀ sí mi kí n wo àwòrán: igún kan tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ mọ́ òpó, ojú rẹ̀ ṣì là sílẹ̀. Ó ti gbọ́ nígboro pé àwọn àlejò kan ti Ìlọrin wá, wọ́n ń béèrè igún kiri. Kí ni ì bá tún rò? Lóde òní, ẹni tó bá ń béèrè igún, oògùn ló fẹ́ fi ṣe.

Mo ní kì í ṣe rírà, pé a wá kà wọ́n ni. Ó wò mí títí. "Ẹ kà wọ́n, kẹ́ ẹ wá ṣe kí ni?" Mi ò rí èsì gidi fún un lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì dùn mí wọra. Tìtorí rẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ èyí.

Ìlọrin ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo sì dàgbà sí. Nígbà tí mo wà ní pírámárì, tí màmá mi bá rán mi lọ ra ẹran nítòsí Ìpàtà, igún ni mo máa ń kọ́kọ́ rí. Wọ́n á tò sórí páànù bí àgbààgbà tó ń retí kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀. Àwọn alápatà kì í lé wọn. Ẹ̀jẹ̀, ìfun, eegun, gbogbo ohun tí ọmọ èèyàn kò ní jẹ, àwọn ni wọ́n ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ kí oòrùn tó mú un rà. Mi ò lè sọ ọjọ́ tí wọ́n lọ. Ojú mi ló ṣe, mi ò sì kíyè sí i. A ti fi òwe tan ara wa jẹ: a ní gúnnugún kì í kú léwe, a wá ṣe bí ẹni pé kì í kú rárá.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan wá sọ fún mi pé obìnrin kan tó ń ṣe ìwádìí lórí igún ń wá amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ méjì tó gbọ́ Yorùbá dénú, tó lè rìn, tó sì lè jókòó sójú kan fún wákàtí mẹ́fà láìsọ̀rọ̀, mi ò béèrè owó kí n tó gbà. (Owó náà kò pọ̀.) Màmá mi ló kọ́kọ́ pariwo. "Igún bí igún? Kí ni kí n sọ fáwọn ará àdúgbò pé o lọ ṣe?" Mo ní kó sọ pé mo lọ ṣiṣẹ́ ìjọba. Ó ní òun kò ní purọ́. Ó gbàdúrà fún mi ṣá, ó sì di kúlíkúlí sínú báàgì mi.

Àárín oṣù Èrèlé la gbéra, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, ètè gbogbo wa ti bó. A gba Gànmọ̀ lọ sí Ìdọ̀fíàn, a kọjá sí Àjàṣẹ́-Ìpo, a yà sí ọ̀nà Òró. Ọkọ̀ wa kò gbọdọ̀ sáré ju 40 kìlómítà ní wákàtí kan, gbogbo mọ́tò tó wà lẹ́yìn wa ló sì ń fun fèrè mọ́ wa. Èmi ń wo apá òsì, ẹnì kejì mi ń wo apá ọ̀tún, ọ̀gá wa, tí a ń pè ní Àǹtí, jókòó síwájú pẹ̀lú GPS àti ìwé. Ohunkóhun tó bá ń rà bàbà lókè, a ó dúró, a ó gbé awò awọ̀nàjíjìn sójú, a ó sọ ohun tó jẹ́, iye tó jẹ́, àti ohun tó ń ṣe.

Ká tó dé Ìdọ̀fíàn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti kígbe "Igún!" Àwòdì ni gbogbo wọn. Àǹtí kò bínú. Ó ní kí n fi ojú mi sí ìrù: ti àwòdì gùn, ó sì là láàárín, ti igún kúrú, kò là. Apá igún fẹ̀ bí pákó, ìyẹ́ tó wà létí rẹ̀ yà síra bí ìka ọwọ́. Kì í sábà ju apá. Atẹ́gùn gbígbóná tó ń ti ilẹ̀ gòkè ló ń gbé e. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, bí mo bá ti gbójú sókè ni mo ti mọ̀.

Ṣùgbọ́n òdo ni mo kọ jù. Ibi ìdúró kìíní, òdo. Ìkejì, òdo. Àkìtàn ńlá kan tó ń rú èéfín, òdo. Ewúrẹ́ àti lékèélékèé ló wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo fi ojú ewé kan sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i. Àǹtí dá ìwé náà padà fún mi. "Kọ òdo sí i. Bó o bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá kà á lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá á rò pé a ò débẹ̀ ni." Mo kọ ọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọmọkùnrin oní-fóònù dé.

Ní òwúrọ̀, Àǹtí ní kó mú wa lọ síbi tí ẹyẹ náà wà. Òpó la bá níbẹ̀, àti okùn. Wọ́n ti gbé e lọ sọ́jà láti ìdájí. Ìyẹ́ kan wà nílẹ̀, ó gùn ju apá mi láti ìgbúnwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Mo gbé e, mo tún gbé e kalẹ̀.

A lọ sọ́jà náà, tí mi ò ní dárúkọ, nítorí kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí kì í ṣẹlẹ̀ ní ọjà mìíràn. Ìyá lékuléja kan jókòó láàárín ẹ̀gún òòrẹ̀, awọ ọ̀nì àti orí ọ̀bọ. A kúnlẹ̀ kí i, a sọ òtítọ́ ohun tí a wá ṣe. Mo rò pé á lé wa. Kò lé wa. "Kò sí mọ́, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ọjà yìí, ẹ̀yìn odi níbí ni wọ́n ti ń mú un wá. Ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ti ń kó o wá báyìí, owó rẹ̀ sì ti gun òkè àjà." Àǹtí bi í bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Ó ní kì í ṣe tòun láti béèrè.

Ó yẹ kí á béèrè o. Ọ̀pọ̀ ìgbà, májèlé ni wọ́n ń bù sí òkú ẹran, nítorí igún kì í dá jẹun. Bí ọ̀kan bá rí oúnjẹ, gbogbo ẹbí ló ń dé. Ní Guinea-Bissau ní 2020, ó lé ní 2,000 igún tí májèlé pa láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n sì ti gé orí ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ẹni tó bá wá fi irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀ se àsèjẹ, májèlé ló ń jẹ yẹn. Mo sọ eléyìí fún Ìyá. Ó dákẹ́, ó ń fi ọwọ́ tún ìdì egbò ṣe. Mi ò bá a jà nínú ọkàn mi. Ilé rẹ̀ ló ń bọ́. Mo mọ̀ pé Nigerian Conservation Foundation, àjọ tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko, ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n fi ewé àti egbò rọ́pò igún, ọ̀nà yẹn ló sì tẹ́ mi lọ́rùn jù, nítorí àwọn tó mọ ewé ni wọ́n lè yí i padà, kì í ṣe ọlọ́pàá.

Igún wa àkọ́kọ́, odò ẹran kékeré kan la ti rí i, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ọjọ́ kẹrin. Mẹ́ta ni wọ́n, lórí ògiri, wọ́n ká ọrùn kò bí ẹni tí òtútù ń mú. Nígbà tí wọ́n da ìfun sílẹ̀, ọ̀kan fò sọ̀kalẹ̀. Mo gbé awò sójú. Ojú rẹ̀ tó funfun tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n, ó pọ́n láti ẹ̀gbẹ́ imú títí dé ọ̀nà ọ̀fun, bí ẹni tí wọ́n gbọ́ àṣírí rẹ̀ láàárín àwùjọ. Ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, ó ń fi í yọ ẹran pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ láàárín eegun, níbi tí ẹnu ajá kò lè dé. Bàbá alápatà kan dúró tì mí, ó ń nu ọ̀bẹ. "Nígbà tí bàbá mi ń dú ẹran níbí, a kì í ka igún. Ta ni fẹ́ kà á?"

Omi inú ikùn wọn le débi pé ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn tó wà nínú òkú ẹran ló ń kú síbẹ̀. Ní Íńdíà, diclofenac, oògùn ara ríro tí wọ́n ń fún màlúù, pa igún wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí wọ́n tó fòfin de lílò rẹ̀ fún ẹran ní 2006. Ajá ìgboro ló jókòó ti òkú ẹran lẹ́yìn wọn, a sì mọ ohun tí eyín ajá ń gbé kiri.

Lálẹ́, lẹ́yìn iyán, Àǹtí máa ń sọ̀rọ̀ ẹyẹ òkun. Ó ti bá àwọn tó ń ṣọ́ pẹ́ńgúìnì ṣiṣẹ́ ní Gúúsù Áfíríkà rí, ẹyẹ tí kì í fò, tó ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja. Láyé àtijọ́, ìgbẹ́ àwọn ẹyẹ náà nípọn gan-an lórí àwọn erékùṣù, inú rẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ ihò sí láti yé ẹyin. Àwọn oníṣòwò ha ìgbẹ́ náà lọ tà fún ajílẹ̀, ẹyẹ wá ń yé sójú oòrùn. Ó ní òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun máa ń gbé ilé àfọwọ́ṣe kalẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ẹja tí wọn ó jẹ náà ti ń tán lókun. Ní 2024, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń ṣọ́ ohun abẹ̀mí tó wà nínú ewu, gbé pẹ́ńgúìnì náà sí ìpele ewu tó kángun sí pípòórá, ìpele kan náà tí wọ́n ti gbé igún wa sí láti 2015.

Mo bi í pé kí ló pa ẹyẹ òkun àti ẹyẹ àkìtàn pọ̀. Ó na ìka kan sókè. Albatross, ẹyẹ òkun ńlá tó ń fò yí òkun gúúsù ká, ẹyin kan ló ń yé, tí ìyẹn bá sì dàgbà, ó di ọdún kejì kó tó yé òmíràn. Igún náà, ẹyin kan ni. Á sàba lé e fún bí àádọ́ta ọjọ́, á tún bọ́ ọmọ náà fún oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin. "Adìẹ tó o bá jẹ lónìí, òmíràn á pa ọmọ mẹ́wàá kí oṣù tó parí. Igún ńkọ́?"

A yà ní Ẹ̀siẹ́, a wo àwọn ère òkúta nínú ilé tí wọ́n kọ́ fún wọn ní 1945, mùsíọ́mù àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. A ò pẹ́ níbẹ̀.

Ọjọ́ keje la dé abúlé Ìgbómìnà kan. Mi ò ní kọ orúkọ rẹ̀, ẹ ó rí ìdí. Bàbá àgbẹ̀ kan jókòó sábẹ́ igi èmí, ó ń pa ẹ̀pà. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá."

"Ẹ kú ewu ọ̀nà."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, igún la ń béèrè."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ fẹ́ pa á ni?"

"Rárá o, bàbá. A fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà ni."

Ó pa ẹ̀pà bíi mẹ́wàá sí i kó tó sọ̀rọ̀. "A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Mo ti ń kírun láti kékeré, ṣùgbọ́n bàbá mi kọ́ mi níyẹn, kò sì kúrò nínú mi. Wọ́n ní bí a ò rí igún, a kì í ṣebọ. Bí a ò rí àkàlà, a kì í ṣorò. Òun tó ń wá jẹ ẹbọ, òun lẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí wá sọ di ẹbọ." Ó dìde, ó mú àdá rẹ̀. "Ẹ máa bọ̀."

Igi àràbà kan ló wà lẹ́yìn oko rẹ̀. Lásìkò yẹn, gbogbo ewé rẹ̀ ti wọ́, èso rẹ̀ ń là, òwú ń fò káàkiri bí eruku ọyẹ́. Lójú ẹ̀ka ńlá, lókè téńté, ìtẹ́ kan wà tí wọ́n fi igi gbígbẹ kọ́. Àwọn onípákó ti wá fowó lọ Bàbá lórí igi náà, ó ní òun kò tà.

A ò sún mọ́ ọn. Ìṣísẹ̀ bí igba la fi sẹ́yìn, lábẹ́ òjìji, nítorí bí o bá da ìyá láàmú títí tó fi dìde, oòrùn lè pa ọmọ. Láti aago méje àárọ̀ títí di aago kan ọ̀sán, mò ń kọ ohun tí mo rí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. "Jókòó." "Jókòó." "Yí ara padà." Nígbà tó kọjá aago mẹ́sàn-án díẹ̀, ẹnì kejì rẹ̀ dé, ó gbé ẹ̀ka kékeré kan lẹ́nu tí ewé tútù wà lórí rẹ̀. Ó tẹ́ ewé náà sínú ìtẹ́, ó ń fi ẹnu tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, ó ń tẹ̀ ẹ́ sósì, bí ìyá ìkókó ṣe ń tẹ́ ẹní. Ewé tútù, nínú ilé ẹyẹ tí gbogbo ayé ń pè ní elẹ́gbin. Lẹ́yìn náà ni orí kékeré kan yọ lábẹ́ àyà ìyá, ó ń gbọ̀n, ó la ẹnu. Mo kọ "1" sínú ìwé. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé mo tún un kọ.

Àpapọ̀ ohun tí a kà wà lọ́wọ́ Àǹtí, òun ló ni í láti tẹ̀ jáde. Ohun tí mo lè sọ ni pé ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ mi tó mi kà á, láti Ìlọrin títí dé Ọ̀fà tí a gbà padà.

Ká tó lọ, mo fún Bàbá ní nọ́ńbà mi. Kò pè ní Ẹrẹ́nà, kò pè lóṣù tó tẹ̀ lé e. Mo ti ń bẹ̀rù. Ní oṣù Èbìbí, òjò ti bẹ̀rẹ̀, fóònù mi dún lẹ́yìn ìrun Ìṣáà.

"Àràbà ti rúwé, mi ò rí inú ìtẹ́ mọ́," ni Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ funfun ń já lulẹ̀ láràárọ̀, mo sì ń gbọ́ tó ń ju apá. Àwọn méjì kan náà ṣì ń gbé oúnjẹ wá. Ṣé kí n máa kọ ọ́ sílẹ̀ ni?"