Ẹ̀wà inú agolo mílíìkì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó pẹ́ tó ti wà lọ́kàn mi láti kọ èyí, àmọ́ ẹni tó bá ní irú ọmọ tí mo ní nílé á mọ̀ pé àyè àtijókòó kọ nǹkan kì í sábà yọ.

Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún márùn-ún. Ó ní ọ́tísíìmù, ìyẹn ni pé ọpọlọ ẹ̀ ń dàgbà lọ́nà tó yàtọ̀ sí tàwọn ọmọ míì, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ò tíì pọ̀, tí nǹkan ò bá sì lọ bó ṣe fẹ́, ilẹ̀ ló máa ju ara ẹ̀ sí, á máa ké, nígbà míì á máa gbá orí mọ́ ògiri. Lọ́dún tó kọjá ilé ìwé kan níbí ní Iléṣà (mi ò ní dárúkọ wọn) ránṣẹ́ pè mí pé kí n wá mú un lọ, pé ó ń da kíláàsì rú, tíṣà kan tiẹ̀ sọ lójú mi pé pàṣán ló kù tá ò tíì lò. Mo di ọwọ́ ọmọ mi mú, a fẹsẹ̀ rìn dé ilé, mo sì sunkún dé ilé.

Ohun tí mo ń wá nígbà yẹn ni ẹni tó máa bá mi gba ọmọ yìí, kó tún un ṣe, kó wá dá a padà fún mi. Nígbà tí wọ́n wá sọ pé kíláàsì orí fóònù wà, pé èmi gan-an ni wọ́n fẹ́ kọ́, kí n sọ òótọ́, inú bí mi. Ṣé èmi ni mò ń ké ni?

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ kan fún òbí àti alágbàtọ́ àwọn ọmọ tí ìdàgbàsókè wọn ń falẹ̀, láti ọmọ ọdún 2 sí 9. Tó bá jẹ́ ti ojúkojú, ìpàdé 9 ni, wọ́n á sì wá sílé yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò dìgbà tó bá jẹ́ dókítà ló ń kọ́ yín, nọ́ọ̀sì lè kọ́ yín, òbí míì tó ti gba ẹ̀kọ́ náà lè kọ́ yín. Lọ́dún 2022 ni wọ́n gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo kọ́ ohun tó pọ̀ níbẹ̀, àmọ́ èyí tó yí ilé mi padà ni ti íápíìsì.

Bó ṣe rí nìyí: màá gbé fóònù ti ìgò ẹ̀pà lórí tábìlì, màá ki íápíìsì bọ etí, èmi àti ọmọ mi á wà nílẹ̀, Àǹtí tó ń kọ́ wa á máa wò wá láti Ìbàdàn, á máa sọ̀rọ̀ sí mi létí, èmi nìkan ni mò ń gbọ́. Nǹkan yìí kì í ṣe tuntun o, Sheila Eyberg ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1970 sí 1979, PCIT ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ìtọ́jú tó dá lórí bí òbí àtọmọ ṣe ń bára wọn ṣe. Ẹ̀yìn gíláàsì tó ń jẹ́ kó rí òbí àtọmọ láìjẹ́ kí wọ́n rí òun ni olùkọ́ ń dúró sí nígbà yẹn. Fóònù ló wá rọ́pò gíláàsì.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi ni ìṣẹ́jú márùn-ún lójoojúmọ́: kí n bá a ṣeré, kí n má pàṣẹ, kí n má bi í ní ìbéèrè, kí n má bá a wí. Ẹ dán an wò. Gbogbo ohun tó ń jáde lẹ́nu mi láàárọ̀ títí dalẹ́, àṣẹ ni: wá, jókòó, fi sílẹ̀, ṣé o ò gbọ́ ni? A ò tíì lo ìṣẹ́jú kan tí mo fi ní "Ọkọ mi, kí lò ń ṣe yẹn?" Mo gbọ́ ọ létí, jẹ́jẹ́: "Mọ́mì, ìbéèrè nìyẹn. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ rí." Mo ní, "O ń to ìdérí kóòkì." Ó tún to òmíràn. Mo ní, "O gbé pupa lé pupa." Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó wá ti ìdérí kan sí iwájú mi. Èyí tó máa ń ké téèyàn bá fọwọ́ kàn án! Mo gbé e lé orí tiẹ̀. Mi ò lè sọ̀rọ̀ mọ́, Àǹtí náà ò sọ nǹkan kan.

Ìyẹn nìdí tí mo fi ń sọ fún yín pé ti orí fóònù yìí ò kéré sí ti ọsibítù, fún irú ọ̀rọ̀ tiwa. Igbe ọmọ mi kì í tẹ̀ lé e dé ọsibítù. Kọ́bọ́ọ̀dù tí bísíkíìtì wà ńkọ́, ìyá ọkọ mi ńkọ́, wọn ò sí níbẹ̀. Ilé ni ọ̀rọ̀ wà, ilé náà ni olùkọ́ gbọ́dọ̀ rí.

Àǹtí ní ká máa kọ ọ́ sílẹ̀: kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú igbe, kí ni ọmọ ṣe, kí la wá ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Torí ọmọ kì í ké lásán, bóyá ó fẹ́ nǹkan, bóyá ó ń sá fún nǹkan, bóyá ó fẹ́ ká wo òun, tàbí kó jẹ́ pé nǹkan náà ń dùn mọ́ ọn lára. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìwé wa ti sọ̀rọ̀: tó bá ti ké níwájú kọ́bọ́ọ̀dù, Màmá, ìyá ọkọ mi, á fún un ní bísíkíìtì kó lè dákẹ́. A ti kọ́ ọ pé igbe ni owó tí wọ́n fi ń ra bísíkíìtì.

A wá kọ́ ọ kó máa fọwọ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mejì, tó bá ti ṣe é báyìí, kíá la ó fún un, tó bá ké, a ò ní fún un. Àǹtí ti kìlọ̀ pé igbe náà máa kọ́kọ́ le sí i, bí àtùpà tí epo ẹ̀ fẹ́ tán tó tún wá ràn yòò, pé ibẹ̀ lọ̀pọ̀ òbí ti ń jáwọ́. Ó le lóòótọ́! Tó bá ń gbá orí mọ́ ògiri o, a ò gbọ́dọ̀ máa wò ó, ìrọ̀rí la máa ń fi sáàárín, láìsọ̀rọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta Màmá ní "Ẹ̀yin lẹ fẹ́ pa ọmọ yìí," wọ́n bọ́ síta, wọ́n lọ jókòó lójúde.

Màmá ò kàwé, àmọ́ ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé ni wọ́n. Ẹni tó bá mọ ìtàn ìlú wa á mọ̀ pé Dókítà David Morley tó dé ọsibítù Wesley Guild níbí ní Iléṣà lọ́dún 1956 ló dá kílíníìkì àwọn ọmọ tí ò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, tí káàdì tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí á sì wà lọ́wọ́ ìyá ọmọ, nínú ilé. Nígbà tí mo ṣàlàyé ìwé tá à ń kọ fún Màmá, wọ́n ní "Bíi káàdì tí ìyá mi máa ń fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ nínú àpótí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti wá agolo mílíìkì kan: tó bá ti ké lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀wà kan á wọ inú ẹ̀.

Gbogbo ẹ̀ kọ́ ló rọrùn o. Dátà ń jẹ owó, tí kò bá síná fóònù á kú, ìgbà míì fídíò kékeré la máa fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kí Àǹtí lè wò ó tó bá yá. Tíṣà ọmọ mi tuntun náà ti ń bá wa wọlé sí kíláàsì orí fóònù báyìí, torí tí a bá ń ṣe é báyìí nílé tí wọ́n ń ṣe é lọ́nà míì ní ilé ìwé, ọmọ ni ò ní mọ èyí tó máa gbà.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ̀wà 41 ló wà nínú agolo. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, Àǹtí ní kí Màmá jọ̀ọ́ da ti ọ̀sẹ̀ yìí kí òun rí i. Wọ́n dà á sórí tíréè níwájú fóònù, àwọn méjèèjì jọ ń kà á, wọ́n ka dé mẹ́sàn-án ni nẹ́tíwọ̀kì já. Màmá ò dúró. Wọ́n ka a dé méjìlá, wọ́n kó o padà sínú àpò ẹ̀wà, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó gbàgbé.