Mọ̀nàmọ́ná abẹ́ kajú

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, oṣù kẹta

Ejò àárọ̀ yìí ò kúrò lójú mi. Mo ti wẹ̀, mo ti jẹ ọkà tán, àwọn ará ilé ti sùn, mo ṣì ń rí i bó ṣe ká jọ lábẹ́ igi kajú.

Èmi, Bàbá àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi la jọ lọ ṣa kajú ní oko tó wà lọ́nà Ìkọ̀yí. A ti tètè kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí oòrùn tó mú. Ọmọ náà ló ṣíwájú. Kò pẹ́ tó gbé garawa sílẹ̀ tí mo gbọ́ igbe rẹ̀: "Ànńtí, ejò!" Kí n tó sáré débẹ̀, àdá ti wà lókè.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ejò náà ká jọ bí òṣùká lórí ewé gbígbẹ. Ara rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, àmì aláwọ̀ èèpo ẹ̀pà sì tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti orí dé ìrù. Ó ti fi orí pamọ́ sáàárín ara, bí ọmọ tí wọ́n ń bá wí tó fi apá bojú. Ẹ̀rù wa ló ń bà á. Èyí ló kọ́kọ́ wọ̀ mí lọ́kàn.

Bàbá dé, wọ́n tẹjú mọ́ ọn. "Mọ̀nàmọ́ná ni," ni wọ́n wí. "Kò lóró. Eku ló ń jẹ." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹran ni."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Wọ́n wò mí, wọ́n wo ejò, wọ́n wá jókòó sórí kùkùté. "Ó dáa, Àṣàkẹ́. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó máa ṣe." Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, mi ò rí kí bàbá mi jókòó wo ejò rí. Agbẹ̀ tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni wọ́n, bí wọ́n bá rí ejò, àdá ni.

A dúró pẹ́. Nígbà tó yá, orí yọ, kékeré, lẹ́yìn náà ahọ́n tó là sí méjì. Ó ń yọ ọ́, ó ń fà á wọlé. Mo ṣàlàyé fún ọmọ náà pé òórùn ló ń gbọ́: ahọ́n ló fi ń kó òórùn láti inú afẹ́fẹ́ lọ sí òkè ẹnu, ibẹ̀ ló ti ń mọ̀ bóyá eku ni tàbí èèyàn. Kò ní etí lóde ara, ìgbọ̀nrìrì ilẹ̀ ló fi ń mọ̀ pé ẹnìkan ń bọ̀. Kò ní ìpéǹpéjú náà. "Báwo ló ṣe ń sùn?" ni ọmọ náà bi mí. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀ ló ń sùn. Ọmọ náà ti gbàgbé àdá.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé nítorí eré sísá ni orúkọ rẹ̀ fi bá ti ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ lójú ọ̀run kí àrá tó sán mu. Ejò yìí ò sáré rárá. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn, à ń pa á lówe lójoojúmọ́, àmọ́ òní ni mo tó rí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ náà. Ó tú ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó wọ́ gba abẹ́ ewé láìdún, ó wọ ihò kan ní ìdí ògán. Bàbá ní ó ṣeé ṣe kí ẹyin wà níbẹ̀, àsìkò yìí ni wọ́n ń yé e. Ìyá á ká ara lé ẹyin bíi mẹ́fà fún nǹkan bí oṣù méjì, ebi á máa pa á, kò ní kúrò.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ejò o. Paramọ́lẹ̀ á dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ títí èèyàn á fi tẹ̀ ẹ́. Àbúrò Bàbá lóbìnrin tẹ ọ̀kan ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n fi okùn so ẹsẹ̀ náà le, wọ́n fi abẹ sín in, wọ́n lẹ òkúta dúdú mọ́ ọn. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó gbé wọn dé ọsibítù, ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì ló lọ sí i. Ó ṣì ń dùn mí. Ká ní wọ́n bọ́ ẹ̀gbà ẹsẹ̀ wọn, tí wọn ò jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà mira, tí wọ́n sì gbé wọn lọ lójú ẹsẹ̀! Àjọ Ìlera Àgbáyé ní láti 81,000 dé 138,000 èèyàn ni oró ejò ń pa lọ́dún kan. Mo mọ ìdí tí àdá fi ń tètè gòkè.

Síbẹ̀, ibo la fẹ́ kí wọ́n gbé? Igbó Ọ̀yọ́ Ilé tí ìjọba sọ di ọgbà ẹranko ní 1991 fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà onígun mẹ́rin, wọ́n ráyè níbẹ̀. Ní ìhà tiwa níbí, ìdí kajú àti ògán ló kù, ọdọọdún sì ni a ń dáná sun ìgbẹ́. Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Èèyàn ni wọ́n ń fi òwe yẹn bá wí, ṣùgbọ́n ejò fúnra rẹ̀ ni mo rò lónìí: ó dá rìn, ó dá ká ara jọ, kò sẹ́ni tó máa bá a bẹ̀bẹ̀.

Kí a tó kúrò lóko, Bàbá ya àkísà pupa kan, wọ́n so ó mọ́ ṣùkù àgbàdo, wọ́n fi gún ẹ̀gbẹ́ ògán náà. Àalè ni, irú èyí tí wọ́n ń fi sídìí iṣu nítorí olè. Àwọn ọmọ tó ń wa òkété máa ń gba ibẹ̀, wọn ò sì ní fọwọ́ kan ohun tí àalè bá wà lára rẹ̀.

Lọ́la, lẹ́yìn ìsìn, a máa padà lọ ṣa ìyókù kajú. Ọmọ náà ti ní òun máa gba ẹ̀yìn igi ọsàn yọ, kí ilẹ̀ má baà mì ní ìdí ògán.