Ilé Aṣọ Kóòtù ní Reggio Emilia

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé Milan ni gbogbo aṣọ ìgbàlódé Ítálì ti ṣẹ̀ wá. Ti Max Mara, ilé iṣẹ́ aṣọ obìnrin, kò rí bẹ́ẹ̀. Reggio Emilia ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, ìlú tó wà láàárín Parma àti Modena, ibẹ̀ ni mo sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ láti Milan. Santiago Calatrava ló yàwòrán Mediopadana, ibùdókọ̀ funfun tí a sọ̀ sí. Ọdún 2013 ni wọ́n ṣí i. Ó dùn ún wò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kóòtù, aṣọ òtútù tí a ń wọ̀ lé aṣọ, ló gbé mi débẹ̀, mo bá kọjá sí òpópónà Via Fratelli Cervi, níbi tí ilé iṣẹ́ wọn àtijọ́ wà.

Achille Maramotti dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní 1951, lẹ́ni ọdún 24. Ìmọ̀ òfin ló kà. Láyé ìgbà yẹn, obìnrin Ítálì tó bá fẹ́ kóòtù gidi, ọ̀dọ̀ aránṣọ ló ń lọ: wọn á wọ̀n ọ́n, á padà lọ dán an wò, á tún dúró. Maramotti wo bí wọ́n ṣe ń rán aṣọ lọ́pọ̀ yanturu ní Amẹ́ríkà, ó ní irú rẹ̀ ṣeé ṣe nílé, kí rírán rẹ̀ má sì mẹ́hẹ.

Ìyá rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Giulia Fontanesi Maramotti dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó ń kọ́ àwọn obìnrin ní gígé àti rírán aṣọ. Ẹ rò ó wò: kí o tó lè rán kóòtù fún obìnrin tí o kò rí rí, tí o kò wọn èjìká rẹ̀, àfi kí pátánì rẹ, ìwé àwòṣe tí a fi ń gé aṣọ, dájú. Ọmọ ni gbogbo ayé ń yìn. Lójú tèmi, ìyá ló la ọ̀nà. Kódà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Marina Rinaldi, ìyá ńlá ìdílé náà, ti ní ilé ìránṣọ níbẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nígbà tó di 1980, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ aṣọ tí wọ́n ń rán fún àwọn obìnrin tó sanra. Inú mi dùn sí ìyẹn gan-an, torí ọ̀pọ̀ ilé aṣọ ni kì í ka irú wọn kún.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni Anne-Marie Beretta, ọmọ Faransé, yàwòrán kóòtù tí wọ́n ń fi nọ́ńbà 101801 pè: òwú irun àgùntàn àti kaṣimíà (irun ewúrẹ́ tó rọ̀), àwọ̀ ràkúnmí, apá fífẹ̀ bíi ti kìmónò, aṣọ àwọn ará Japan. Wọ́n ṣì ń tà á. Karl Lagerfeld, gbajúgbajà ayàwòrán aṣọ, náà ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí, ṣùgbọ́n orúkọ Max Mara nìkan ló ń hàn lára aṣọ.

Ilé iṣẹ́ àtijọ́ tí mo lọ wò ti di Collezione Maramotti, ilé àfihàn àwòrán, láti 2007, ọdún méjì lẹ́yìn ikú Achille. Àwòrán Francis Bacon àti Basquiat tó kó jọ ló wà níbi tí wọ́n ti ń rán kóòtù tẹ́lẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, àmọ́ ẹ tètè gba àyè sílẹ̀ kí ẹ tó lọ wo èyí tó wà lókè.