Ẹ bá mi kí Àǹtí Láàbù

Olúwa, mo dúpẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbààwẹ̀, tẹ́ ẹ fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ, ẹ kú àdúrótì. Àmọ́ Àǹtí Láàbù ni n ó kọ́kọ́ kí, ẹni tí kò gbà kí ẹ̀rọ nìkan sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ á ka sẹ́ẹ̀lì, kò ní wojú wọn. Nínú ẹ̀jẹ̀ mi, platelet (sẹ́ẹ̀lì tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dá) ń wálẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa ń tóbi sí i, àwọn kan ní oògùn tí mo ti gbà fún lymphoma (irú jẹjẹrẹ kan) ló ṣì ń jà lára, àwọn kan ní vitamin B12 ló dín. Ẹ kú ìmọ̀ o. Àǹtí tẹ́ ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, ó rẹ ẹ́ láró, ó ka 200 sẹ́ẹ̀lì funfun lọ́kọ̀ọ̀kan. Blast ló bá níbẹ̀: sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì gbó, tó tóbi, tí nucleus (kókó àárín sẹ́ẹ̀lì) fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo inú rẹ̀. Tó bá ti pé 20 nínú 100, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fa mùdùnmúdùn ní egungun ìbàdí, òfìfo ló jáde. Ẹ̀rù bà mí! Fọ́nrán ló dí i pa. Àǹtí ní kí wọ́n gé egungun tín-ín-rín, kí wọ́n fi tẹ gíláàsì kó tó bọ́ sínú formalin (omi tí kì í jẹ́ kí ẹran ara bàjẹ́), torí tó bá ti wọ ibẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ò ní lẹ̀ mọ́ gíláàsì mọ́. Ní ti kromosómù (okùn tó gbé àbùdá nínú sẹ́ẹ̀lì), sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ wà láàyè kó lè pín: ìgò heparin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) ni, ẹ má sì gbé e sí fìríìsà. Blast ti pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ọwọ́, òun ni wọ́n lò. Kromosómù 7 kan ti sọnù.

Ọ̀rọ̀ yé wàyí: oògùn lymphoma àtijọ́ ló bí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ yìí. Oògùn cyclophosphamide àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sábà ń ba kromosómù 5 tàbí 7 jẹ́, bí ọdún 5 sí 10 lẹ́yìn ìtọ́jú. Ti etoposide àti doxorubicin máa ń yá jù bẹ́ẹ̀, bí ọdún 1 sí 3, kromosómù 11 ló sì sábà máa ń já.

Ẹ ò bi mí o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba irú oògùn yìí rí, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti ọdún rẹ̀ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ́rẹ́ tó ń mú sẹ́ẹ̀lì funfun gòkè, ẹ sọ fún láàbù, òun náà lè ti blast jáde sínú ẹ̀jẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí wọ́n má gún egungun, èsì tuntun lẹ́yìn ìtọ́jú nìyí: blast kò tó 5 nínú 100, platelet ti kọjá 100,000. Ṣé ẹ ó wá jó, àbí ẹ ò ní wá?