Omi Tó Ń Pẹ́ Dé: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Ijó Omíyalé

Nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ gbé ijó kan jáde lórí omíyalé, kámẹ́rà ni mo kọ́kọ́ wá, n kò tíì wá oníjó. Mo ti rí fọ́nrán BIPED, ijó tí Merce Cunningham, àgbà atojó ará Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 1999, níbi tí àwòrán tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà fà yọ láti inú ìrìn oníjó ti ń rìn lórí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ níwájú ìtàgé. Ó wọ̀ mí lójú débi pé mo ní èmi náà á ṣe tèmi: omi tí kọ̀ǹpútà yà, tí yóò máa tẹ̀ lé oníjó kiri. Mo gbàgbé pé bàbá yẹn ti ń fi kọ̀ǹpútà to ijó ní bí ọdún mẹ́jọ ṣáájú.

Kámẹ́rà wa jẹ́ irú èyí tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí sára nǹkan, tó sì ń fi èyí tó bá padà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ bí nǹkan náà ṣe jìnnà sí. Mo wọ gbogbo oníjó láṣọ dúdú. Aṣọ dúdú gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì, kò dá a padà. Lójú kámẹ́rà, oníjó mẹ́rin di orí mẹ́rin àti ọwọ́ mẹ́jọ tó ń léfòó. Ọjọ́ méjì la fi wá àṣìṣe nínú kọ̀ǹpútà, aṣọ ni! Ẹ gbé aṣọ síwájú kámẹ́rà kẹ́ ẹ tó gbé e fún télọ̀. Ilẹ̀ tó ń dán náà máa ń da kámẹ́rà láàmú.

Àmọ́ ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù ni bí omi ṣe ń pẹ́ dé. Oníjó á ju apá, omi orí ògiri á dúró díẹ̀ kó tó gbéra. Kò tó ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n ojú ń rí i. A pààrọ̀ wáyà, a dín àwòrán kù, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ẹni tó ń bá wa tọ́jú kọ̀ǹpútà jà. Ọ̀kan nínú àwọn oníjó, ẹni tí kì í sábà sọ̀rọ̀, wá ní: “Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni omíyalé ń dé lójú ẹsẹ̀? Wọ́n á gé igbó lónìí, omi á dé lọ́dún tó ń bọ̀, ilé ẹlòmíì ló sì máa wọ̀.”

A kò dín ìdádúró náà kù mọ́, a fi kún un ni. Ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, lẹ́yìn náà 10. Oníjó kan á gbẹ́ ilẹ̀, á kó ẹrù rẹ̀, á jáde. Ẹlòmíì á wá jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kí omi tó dé bá a.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo pa gbogbo ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀rọ lórí ìtàgé dà bí àgbàrá: kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Apá tí a ti ń jù bí ìgbì kò wúlò mọ́. Omi tó ń sáré, tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú, ẹni tó bá sì wà nínú rẹ̀ kì í ju apá. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ló fi ń wá ilẹ̀. Lọ́dún 2014, Eiko Otake, oníjó obìnrin tí wọ́n bí ní Japan, àti ayafọ́tò William Johnston lọ sí Fukushima ní Japan, níbi tí àwọn èèyàn ti sá kúrò lẹ́yìn àjálù omi òkun àti ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì ọdún 2011. Ara obìnrin kan péré nínú ibùdókọ̀ ojú irin tó ṣófo, ó tó.

Ẹnì kan bi mí lẹ́yìn eré pé mélòó ni iná tí àwọn pirojẹ́kítọ̀ wa ń jẹ. N kò rí èsì fọ̀. Mẹ́ta ni wọ́n nígbà yẹn. Ọ̀kan la ń lò báyìí.

Ẹ kọ iye ìṣẹ́jú-àáyá ìdádúró yín sínú ìwé o. Tiwa pa rẹ́ nínú kọ̀ǹpútà lálẹ́ tó ṣáájú eré kan. Oníjó tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn ló dìde, ó gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ó jáde, ó ń kà á lábẹ́ èémí. Ibi tó parí sí la fi omi sí.