Lactate ga, ẹ má tíì sáré so omi kọ́: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ní ICU ọkàn

Ẹ̀yin àbúrò tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ICU (ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le), lactate yìí, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó sábà máa ń ga tí ara ò bá rí ọ́síjìn tó, ló ń mú ká rọ omi sí aláìsàn lára ju bó ṣe yẹ lọ. Kó ṣáà ti kúrò ní 2 kó di 4, wọ́n ti so dríìpù míì kọ́. Ẹ sùúrù ná jàre. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún, adrenaline tó ń wọ ara rẹ̀ nìkan lè gbé lactate sókè láìjẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ò káàkiri, ọkàn tó rẹ̀ náà lè gbé e sókè, tẹ́ ẹ bá sì da omi lé ọkàn tó rẹ̀, inú ẹ̀dọ̀fóró lomi yẹn máa lọ.

Ohun tó là mí lójú ni gbígba ẹ̀jẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan láti arterial line (rọ́bà inú iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò ní ọkàn), ọ̀kan láti central line (rọ́bà inú iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn), kí n wá fi wọ́n wéra. Tí ọ́síjìn tó kù nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń padà bọ̀ bá tó 70%, tí CO2 rẹ̀ ò sì fi ju 6 mmHg lọ ju ti arterial lọ, ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn dáadáa, ẹ wá ìdí lactate yẹn síbòmíì. Àmọ́ tí ọ́síjìn bá já sísàlẹ̀ 60 tí CO2 yẹn sì jìnnà síra, ìgbà yẹn lẹ máa bi ara yín pé ṣé omi ni ò tó ni, àbí Hb (èròjà pupa tó ń gbé ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀) ló lọlẹ̀, àbí ọkàn ni ò lágbára, àbí ẹ̀jẹ̀ ló dì yí ọkàn ká tó ń fún un pa. Rọ́bà àyà (èyí tó ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ) tó ń ṣàn tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́ lójijì, ẹ pe oníṣẹ́ abẹ kíákíá o! Tó bá jọ omi, ẹ gbé ẹsẹ̀ aláìsàn sókè kẹ́ ẹ wo cardiac output (iye ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan), tó bá gòkè, ẹ fún un ní 250 ml, kẹ́ ẹ tún blood gas (àyẹ̀wò ọ́síjìn, CO2 àti ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀) ṣe.

Sálàínì (omi iyọ̀ inú dríìpù) ńkọ́? Chloride inú ẹ̀ jẹ́ 154, ti ẹ̀jẹ̀ ò ju bíi 100 lọ. Tẹ́ ẹ bá rí base excess -6 (òǹkà tó ń fi hàn pé ásíìdì ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀), tí lactate sì jẹ́ 1.5, tí ò ga, ẹ wo chloride, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àwa la fi sálàínì fa ásíìdì yẹn, ẹlòmíì á sì tún gbé sálàínì míì wá pé òun fẹ́ wò ó sàn.

Àti pé tẹ́ ò bá fa omi inú line kúrò tán kẹ́ ẹ tó gba ẹ̀jẹ̀, Hb á lọlẹ̀, potassium á lọlẹ̀, chloride á gòkè. Hb tó já lójijì tí rọ́bà àyà ò sì gbé nǹkan jáde, tí aláìsàn ò yí padà, ẹ gba ẹ̀jẹ̀ míì kẹ́ ẹ tó pe blood bank.